Ọtí Tó Mú Mi Húkọ́ Níwájú Àna

Nígbà tí mi ò tíì níyàwó, imú ni mo fi ń jẹun. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Agége ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu ààrò gan-an ni wọ́n fi mí sí, òórùn èèpo búrẹ́dì ni mo sì fi ń mọ ìgbà tó jinná àti ìgbà tó fẹ́ jóná. Ohun tí imú yìí ò mọ̀ rárá ni ọtí. Onítẹ̀bọmi paraku ni wá nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá gbé ọtí kọjá lójúde wa, bàbá mi á yíjú sí ògiri.

Ìyá tó ń kó ìyẹ̀fun wá fún wa ló bí ọmọbìnrin tí mo fẹ́. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọn kì í fọ̀rọ̀ ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé mò ń bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò ìyẹ̀fun.

"Ṣé o máa ń mutí?"

"Rárá, mà. N ò fẹnu kàn án rí."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ọtí ló pa àbúrò kan ṣoṣo tí àwọn ní lọ́kùnrin, àwọn ò sì ní fa ọmọ àwọn lé ọ̀mùtí lọ́wọ́ láyé. "Tí mo bá rí i pé irọ́ lo pa fún mi, ọmọ mi á wọlé, wàá sì wá ibòmíràn lọ." Òótọ́ ni mo sọ o. Òótọ́ náà ló wá fẹ́ kó bá mi.

Bàbá ọmọbìnrin yìí yàtọ̀ ní tiwọn. Wọ́n ti fẹ̀yìntì nílé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, ọ̀gá wọn kan tó jẹ́ ará Sikọ́tílàńdì ló sì kọ́ wọn ní wísíkì. Ìyá ò bínú sí i, nítorí bí ẹni ń kán oògùn sójú ni bàbá ń mu ún, lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ọmọ wọn bá sọ fún mi pé tí mo bá ń bọ̀ wá kí bàbá òun, kí n má gbé èso wá o, wísíkì ni kí n wá. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà bá mi wá ìgò kan, mo sì gbé e dání bí ọmọ tuntun.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni mo dé ilé wọn ní Ọgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gba ìgò, wọ́n ka ara rẹ̀, wọ́n súfèé.

"Ọmọ yìí! Ṣé o mọ ohun tó o gbé wá? Ọkà báálì nìkan ni, ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló pọn ọ́n, wọn ò bu ti ibòmíràn lù ú. Inú àgbá igi tí àwọn ará Sípéènì ti kọ́kọ́ fi ọtí àjàrà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì, ni wọ́n rọ ọ́ sí fún ọdún méjìdínlógún."

Ìyá ní, "Ọdún méjìdínlógún nínú igi! Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń gbọ́n ni."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ti ń rò ó pé ó bùṣe, àfi bí bàbá ṣe bu ọtí sínú gíláàsì kékeré, tí wọ́n nà án sí èmi. Wọ́n ní, "Ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Yéè! Nílé tí ọtí kì í wọ̀, ibo ni mo ti fẹ́ mọ àṣà ọtí? Bí mo bá kọ̀, bàbá lè rò pé mo ti fi nǹkan sínú rẹ̀. Bí mo bá mu ún, mo di òpùrọ́ lójú ìyá. Mo wo ọmọbìnrin tí mo fẹ́; ilẹ̀ ló ń wò. Mo wo ìyá. Wọ́n ti ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké; mo dijú, mo gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni mu àgbo.

Ẹ gbà mí o! Iná ààrò tí mo ti ń dúró tì látọjọ́ yìí, inú mi ló wọ̀. Mo húkọ́, mo sín, omijé ń bọ́, ikun ń dà, mo di àga mú. Ìgbà tí mo máa lajú, ìyá ló ń fi ẹ̀rín pa ara wọn, wọ́n ń fi etí ìró nu ojú. "Dádì, ẹ fi í sílẹ̀! Ọmọ yìí ò mutí rí lóòótọ́!" Wọ́n sáré bu omi fún mi, wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, ọkọ ọmọ mi, pẹ̀lẹ́." Ọkọ ọmọ mi! Inú mi dùn, pẹ̀lú gbogbo ikun tó wà lójú mi.

Bàbá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ò bá lára mu. Ọtí tó gbọ́n tó báyẹn, mo gbé e mì bí omi! Wọ́n bu díẹ̀ mìíràn, wọ́n kán omi sí i, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kí n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ni imú mi bá jí. Mo ní, "Sà, ó ń rùn bíi dàbínù, irú èyí tí àwọn aládùúgbò wa máa ń pín nígbà ààwẹ̀. Èèpo ọsàn gbígbẹ wà níbẹ̀, kànáfùrù náà wà níbẹ̀. Àti ẹ̀yìn búrẹ́dì nígbà tó kù díẹ̀ kó jóná." Mo wá fi kan ahọ́n. Iná yẹn ti rọlẹ̀, adùn rẹ̀ ò sì tètè kúrò lẹ́nu mi. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n dé ìgò náà pa. "Ó tó o, kí Mọ́mì má baà yí ohùn padà."

Bàbá ti re ibi àgbà ń rè báyìí, èmi ni mò ń jókòó lórí àga wọn ní Ọgbà. Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kí wa nítorí ọmọ mi obìnrin, irú ìgò yẹn gan-an ló sì gbé wá. Mo bu tèmi, mo bu tirẹ̀, mo sọ ohun tí bàbá sọ fún mi lọ́jọ́sí, pé ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ọmọ náà yí gíláàsì po lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fà á díẹ̀díẹ̀, ó ní òun gbọ́ òórùn dàbínù àti ti èèpo ọsàn. Orí mi wú. Bí èmi náà ṣe fa tèmi ni ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, fà mí láṣọ, wọ́n sọ sí mi létí: "Èyí ò húkọ́ o."

Ẹ̀rín gbé mi, ọtí bá gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi. Mo húkọ́, mo di àga mú. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ọmọkùnrin náà ti sáré bu omi wá, ó ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ìyá wò ó títí, ojú wọn rọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó mọ ìtọ́jú èèyàn."

Mo ti mọ ọtí tọ́ wò lónìí, mo sì lè júwe rẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Ṣùgbọ́n ikọ́ ni mo fi fẹ́ ìyàwó. Ó jọ pé ikọ́ náà ni mo máa fi fa ọmọ mi fọ́kọ.