Ọkọ̀ Tíṣà Ògúnkúnlé

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Ògúnkúnlé ní Ìwó, ọjọ́ tó fọwọ́ ti ọkọ̀ tí kò bàjẹ́ láti Kuta wálé ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Epo kún inú ọkọ̀ náà, táyà rẹ̀ le dáadáa. Síbẹ̀ Tíṣà pa ẹ́ńjìnnì, ó ń tì í lọ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tòun ti táì lọ́rùn. Mùkáílà, mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń tì í láti ẹ̀yìn.

"Tíṣà, ṣé epo ló tán ni?" ni èrò ọ̀nà ń bi í.

"Epo ò tán. Ọkọ̀ kọ́ ni mò ń tì, ìtìjú ni."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi Mùkáílà. Òun ló fa ìtìjú náà.

Ọkọ̀ asáré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, oníjòkòó méjì, aláìlórùlé, ó sì kúrú débi pé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ yóò máa wo ewúrẹ́ lójú. Òyìnbó kan tó bá Tíṣà ṣiṣẹ́ olùkọ́ ló fi sílẹ̀ fún un. Adìẹ ló ń sàba nínú rẹ̀ lọ́dún 1983, nígbà tí Tíṣà ní kí Mùkáílà wá bá òun jí i dìde.

"Adìẹ yìí ńkọ́, Tíṣà?"

"A ó fún un ní nótíìsì." Lóòótọ́, wọn ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà títí adìẹ fi pamọ.

Lójoojúmọ́, bí Mùkáílà bá ti kírun alásàárì tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á máa ka ìwé ọkọ̀ sókè, Mùkáílà á máa làágùn.

"Ìwé ní kí o rọra tú nọ́ọ̀tì yẹn."

"Tíṣà, nọ́ọ̀tì yìí ò kàwé."

Ó wá ku kọ́ìlì nìkan, èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní iná. Tíṣà kọ lẹ́tà sí ìlú Òyìnbó, ó kọ òmíràn, èsì ò dé. Ìlú ti le, ọjà òkèèrè ò wọlé mọ́. Mùkáílà sì ń gbọ́ ikọ́ kan láyà Tíṣà tó ń jinlẹ̀ sí i. Ló bá ra kọ́ìlì ọkọ̀ Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, ó kùn ún ní ọ̀dà dúdú, ó ní èsì lẹ́tà ti dé.

Wọ́n wa ọkọ̀ dé Kuta. Tíṣà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ayé lè rí iṣẹ́ Òyìnbó. Àlàní, awakọ̀ Ìjàpá kan, yọjú sí i, ó rí ibi tí ọ̀dà ti bó lára kọ́ìlì.

"Háà! Kọ́ìlì tí mo tà fún Mùkáílà rèé!"

Tíṣà yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "O purọ́ fún mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, mo fẹ́ kí ẹ wà á kí ẹ tó..." Mùkáílà gbé ìyókù mì. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sọ lójú alààyè.

Tíṣà ní òun ò ní fi iná irọ́ wa ọkọ̀ wálé, ni wọ́n bá ń tì í. Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìgbà mẹ́ta ni Mùkáílà lọ dọ̀bálẹ̀ nílé rẹ̀. Ògiri ni Tíṣà ń kọjú sí: "Ògiri, sọ fún ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yẹn pé kó dìde, ilẹ̀ tutù."

Ọdún kan ààbọ̀ ni wọ́n fi yodì, kí ikọ́ náà tó pa á. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Mùkáílà. Ara ìwé ìkéde ikú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kà á, ó sì bú Tíṣà níbẹ̀, ó bú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó lọ kí ìyàwó olóògbé, Ìyá Dúpẹ́.

"Mẹkáníìkì mẹ́ta ló wá bẹ Bàbá pé àwọn fẹ́ tún ọkọ̀ náà ṣe," ni ìyá náà wí. "Bàbá lé gbogbo wọn. Bàbá ní àwọn ti ní mẹkáníìkì."

"Ta ni, Màmá?"

"Èmi náà bi wọ́n. Wọ́n ní, 'Mùkáílà ni. Ìjà là ń jà, mi ò lé e lẹ́nu iṣẹ́.'"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Mùkáílà, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Mùkáílà, ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni?"

Ó mọ̀ wọ́n.