Ọjọ́ Ẹtì Tí Mo Kọ “Òfìfo” Síwájú Ilé Olófì

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà, ìyá àgbàlagbà kan ní Ìdí Arẹrẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi lé mi lórí. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í. Mo kí i, mo sọ orúkọ mi, mo ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí láti Òkè Padre. Mo ṣí fọ́ọ̀mù mi, mo ní, “Mà, èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?”

“Mélòó?” Ó gbé abọ́ tó fi ń ṣan ẹ̀wà sókè. “Ta lẹ fẹ́ tà wọ́n fún?”

“Rárá o, mà. Ìjọba ló fẹ́ mọ̀.”

“Ìjọba ló bá mi bí wọn ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

Bàbá Sùnmọ́nù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Ó sún síwájú, ó ní, “Ìyá wa, ẹ má bínú. Tíṣà ni wọ́n, ìṣirò ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Ẹ ṣáà dárúkọ àwọn ọmọ fún wa, ká lè kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.”

Ojú ìyá náà rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ: Múrí, Sàídátù, Ìyábọ̀ pẹ̀lú ìbejì rẹ̀, Àlàbá tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Bó bá ti dárúkọ ẹnì kan, Bàbá Sùnmọ́nù á ní, “Ọlọ́run á dá a sí,” èmi náà á fa ìlà kékeré kan sábẹ́ ìwé. Kó tó dárúkọ tán, iye tí mo ń wá ti pé sọ́wọ́ mi. Omi tó fẹ́ dà lé mi lórí, inú kọ́ọ̀bù ló wá gbé e fún mi mu.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àwa la ń wó ilé. A kì í wó ilé. Wọ́n fẹ́ fẹ ọ̀nà láàárín Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, wọ́n sì fẹ́ gbẹ́ gọ́tà, kí àgbàrá tó ń ya wálẹ̀ láti òkè Mápó má baà wọ yàrá èèyàn mọ́. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan mọ àwọn tí iṣẹ́ náà máa kàn: ògiri ta ló máa lọ, ìsọ̀ ta ni, ibo làwọn ọmọ máa gbà lọ sílé ìwé. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó tún padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín ìdáhùn àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ni a fi ń mọ ohun tí iṣẹ́ ìlú ṣe fún ará ìlú, tàbí ohun tó ṣe sí wọn. Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí mi. Mo máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdánwò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sì tún máa ń fún wọn ní irú rẹ̀ ní ìparí táàmù.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, mo sì ti to àwọn ìwé inú ilé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ń wá àgbàlagbà tó lè kọ̀wé, tó sì mọ bí a ti ń kí èèyàn, mo tètè fi orúkọ sílẹ̀ kí n má baà tò wọ́n nígbà kẹrin.

Bàbá Sùnmọ́nù ló kọ́ mi níṣẹ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń bá àwọn awọnlẹ̀ gbé ọ̀pá, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ láti Pópó Yemọja dé Bẹẹrẹ. Ó kọ́ mi pé a kì í fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri kí a tó kí onílé. Ó ní a kì í wọn ilé ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Ó tún kọ́ mi pé ojúlé yàtọ̀ sí agbo ilé. Ẹnu ọ̀nà kan ni ojúlé; agbo ilé lè ní ojúlé mẹ́jọ, síbẹ̀ kí ó jẹ́ ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Ẹni tó bá ka ọ̀kan mọ́ ìkejì, ìwé rẹ̀ ti dojú rú.

Mo gba gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, àfi ọ̀kan: pé kí n fi àyè sílẹ̀ bí n kò bá tíì mọ ìdáhùn. N kì í fẹ́ rí àlàfo lórí ìwé. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, bí ọmọ bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn, màá fi báírò pupa kọ “Kí ló dé?” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwà yẹn ló fi mí sínú wàhálà.

Ọjọ́ Ẹtì ni. A ti dé Bẹyẹrúnkà, ó sì ku agbo ilé kan ṣoṣo kí ìwé ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé. Ilé Olófì ni màá pè é níbí. Bí aago kan ti ń lọ lù, Bàbá Sùnmọ́nù ká tépù, ó gbé búùtà, ó ní òun ń lọ kí Jímọ̀.

“Tíṣà, ẹ dúró dè mí o. Ẹ má dá a ṣe.”

“Bàbá, ilé kan péré ló kù.”

“Ilé yẹn náà ni mo sọ.”

Mo dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ronú pé kò sóhun tó ṣòro nínú rẹ̀. Mo dé ibẹ̀, gbogbo ẹnu ọ̀nà wà ní títì. Ọmọbìnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní àwọn bàbá ti lọ kírun, àwọn ìyá sì wà lọ́jà. Iwájú ilé náà fẹ̀, ó gùn, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní. Kò sí ìsọ̀ níbẹ̀, kò sí igi. Ìbòrí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ṣùgbọ́n n kò yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Àfi òkúta mélòó kan tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, bí ohun tí ọmọdé fi ṣeré. Ìlà kan wà nínú fọ́ọ̀mù tó bèèrè pé, “Kí ni wọ́n ń lo ilẹ̀ yìí fún?” Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi tó gún régé kọ ọ́ síbẹ̀: Òfìfo.

Bí Bàbá Sùnmọ́nù ṣe dé, mo ní mo ti parí. Ó gbé búùtà rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, èmi náà kò sì fi ìwé hàn án.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n pe ìpàdé síwájú Ilé Olófì. Ọ̀gá wa, Adéníkẹ̀ẹ́, ọmọbìnrin ọlọ́yàyà kan tó ń pè mí ní Mọ́mì, lẹ àwòrán ọ̀nà tuntun mọ́ ara ògiri. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn, ó ń fi ìka tọ́ka. Ó dé orí àmì onígun mẹ́rin kan, ó ní, “Ibí yìí ni àwọn ọkọ̀ yóò ti máa dúró, kí ojú ọ̀nà lè gbòòrò. Ilẹ̀ òfìfo ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.”

Mọ́gàjí agbo ilé náà dìde, ìyẹn olórí wọn. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó wé láwàní funfun. “Ilẹ̀ òfìfo wo?”

“Èyí tí a dúró sí yìí, sà.”

Ariwo sọ. Ràṣídì, tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn awunṣọ ilé náà, fọwọ́ lérí. “Ilẹ̀ tí mo ti ń na òwú òfì mi sí láti ìgbà tí mo ti dá ṣòkòtò wọ̀! Òfì mẹ́fà ló ń bẹ lábẹ́ ìbòrí yẹn. Bí ọkọ̀ bá gba ilẹ̀ yìí, ṣé orí òrùlé la ó ti máa hunṣọ ni?”

Ẹnì kan ní, “Ta ló tiẹ̀ kọ ọ́? Ẹ mú un wá, ká bá a yọ ìpẹ́ lójú!”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. Adéníkẹ̀ẹ́ ń ṣí ìwé, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mo mọ ojú ìwé tó máa ṣí. Ọkàn kan ní kí n jẹ́ kó wá a. Mo na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

“Èmi ni mo kọ ọ́.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Ràṣídì wò mí títí. “Tíṣà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni níwèé!”

“Ọjọ́ Ẹtì ni mo wá,” ni mo wí. “Ẹ ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. N kò dúró dè yín.”

Mọ́gàjí na ọwọ́, ariwo rọlẹ̀. Kò bínú sí mi, ì bá sì sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá lọ́la, láàárọ̀. A ó gbé àga fún yín. Ẹ wá wo òfìfo.”

Lójú ọ̀nà, Adéníkẹ̀ẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Mọ́mì, ìwé yẹn ti kúrò lọ́wọ́ wa. Bí a bá ní ká tún un ṣe, wọ́n á ní iṣẹ́ wa kò péye.”

“Ọmọ mi,” ni mo dá a lóhùn, “iṣẹ́ wa kò péye.”

Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ti gbé àga mi sábẹ́ ìbòrí. Àwọn ọmọ kéú ló kọ́kọ́ lo ilẹ̀ náà. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ké kéú tí wọ́n kọ sára wàláà wọn. Bí àwọn ṣe kúrò ni àwọn awunṣọ ta òwú. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ẹ gbọ́: òwú tí wọ́n ń hun kì í dúró sórí òfì nìkan. Wọ́n ń nà án jáde tààrà sórí ilẹ̀, wọ́n á so ìdí rẹ̀ mọ́ pátákó kan, wọ́n á sì gbé òkúta lé pátákó náà kí òwú lè le. Bí aṣọ ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni pátákó náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkúta tí mo rò pé ọmọdé fi ṣeré nìyẹn. Mo fi ẹsẹ̀ wọn òwú Ràṣídì láti òfì dé ìdí òkúta: ogójì ìṣísẹ̀. Òwú mẹ́fà ló nà síwájú mi, pupa, búlúù àti funfun, bí ìlà inú ìwé ọmọ iléèwé.

Ní ọ̀sán, àwọn obìnrin sá òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn awunṣọ ká òwú wọn kúrò lójijì. Mo ní kí ló dé. Òkú ni wọ́n ń gbé bọ̀ láti ojúlé kejì, iwájú ilé náà ni wọ́n sì ti kírun sí i lára. Nígbà tó ṣe, àwọn ọmọ gba bọ́ọ̀lù. Fọ́ọ̀mù mi kò ní àyè fún àkókò. Mo mú rúlà, mo fa ìlà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo kọ “Ìgbà wo?” sórí rẹ̀. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, kò sí wákàtí kan tí n kò rí ẹni tó ń lo ilẹ̀ náà kọ síbẹ̀.

Bàbá Sùnmọ́nù wá bá mi nírọ̀lẹ́. Ó ka ìwé náà, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́. Ó kù kí ẹ fún ara yín ní máàkì.” Mo mú ìwé àkọ́kọ́, mo fi báírò pupa fa ìlà sórí “òfìfo,” mo kọ “Kí ló dé?” sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Adéníkẹ̀ẹ́ gbé ìwé méjèèjì lọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ papọ̀. Ó fojú winá èébú nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé ibùdókọ̀ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀rọ kan tó ti di ahoro. N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i. Gọ́tà ṣì jẹ nínú iwájú ilé náà, ogójì ìṣísẹ̀ kò sì gba tààrà mọ́. Àwọn awunṣọ yí òfì wọn, wọ́n ń ta òwú láti igun kan dé ìkejì. Òwú mẹ́fà di mẹ́rin. Ràṣídì ní ó ṣì ń dun òun. Ìyàwó rẹ̀ ní kó dákẹ́, pé òjò tó rọ̀ kẹ́yìn kò bá òun lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni mo kọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà kejì báyìí. Mọ́gàjí ti kú, Bàbá Sùnmọ́nù náà ti lọ. Mo máa ń ṣàárò ohùn rẹ̀ bí mo bá rí ẹni tó ń ká tépù. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ bi wọ́n ní ìbéèrè ìkẹyìn, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n fi ọ̀nà hàn án. A dé Ilé Olófì ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn aago kan. Ilẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Òkúta mẹ́rin wà lẹ́bàá gọ́tà. Nọ́ọ̀sì ṣí báírò rẹ̀.

“Tíṣà, kí ni kí n kọ síbí?”

“Ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ jókòó.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Títí wọn yóò fi kírun tán.”

A jókòó sórí àga pákó nítòsí àwọn òkúta náà. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ìró bàtà wọn lọ́nà. Ràṣídì ló ṣíwájú, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó kí wa, ó bọ́ agbádá, ó wọlé lọ gbé òwú rẹ̀ tó ká jọ. Ó so ó mọ́ òfì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà án lọ sí ìdí òkúta, ó ń fẹ̀yìn rìn bọ̀ wá sí ibi tí a jókòó.

“Ẹ gbẹ́sẹ̀ yín, Tíṣà,” ló wí láìwẹ̀yìn. “Ẹ ti tẹ ọ̀nà òwú.”