Àwọn Ẹja Màmá Ṣẹ̀fíátù Kì í Gbààwẹ̀

Ọjọ́ tí fìlà Bàbá Múítì já bọ́ sínú omi ni ìlú Atakpamé ní Tógò kọ́kọ́ gbọ́ nípa ẹja Màmá Ṣẹ̀fíátù. Bàbá Múítì, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Àbdùlmùmín, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ obìnrin náà tó ti di olóògbé, òun sì ni olórí ẹbí. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ẹja náà jáde nínú ilé ẹbí. Ó ṣí ìdérí àpótí gíláàsì tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó lè rí wọn dáadáa, ni fìlà bá bọ́. Kó tó nawọ́, wọ́n ti fà á ya.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” ni Màmá Ṣẹ̀fíátù wí. “Wọ́n ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ ni.”

Pìráńà ni wọ́n ń pe ẹja ọ̀hún. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, eyín rẹ̀ sì mú bí ayùn. Michel, yovó kan, ìyẹn òyìnbó, tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà, tó háyà yàrá iwájú, ló ń sìn wọ́n. Nígbà tó ń padà sílé, ó ní kí Màmá Ṣẹ̀fíátù pa wọ́n. Obìnrin tó ti ń yan ẹja tà lọ́jà láti kékeré wá ní òun kò lè pa àlejò. Bí ẹ bá rí àlàyé kankan níbẹ̀, ẹ ṣe é fún mi.

Àwọn kan ní kó lọ dà wọ́n sí odò Mono.

“Kí ni àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀ ṣe fún yín?” ló bi wọ́n.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹja náà ń jà. Èyí tó tóbi jù máa ń gé ìrù àwọn yòókù, ó sì ti pa ọ̀kan jẹ. Ìyẹn ló ká Bàbá Múítì lára.

“Ìyàwó wa, a kì í wo ẹ̀jẹ̀ ṣeré nínú ilé yìí. Ààwẹ̀ ń bọ̀. Bí ọ̀kan bá tún ṣe ìkejì léṣe kí ọjọ́ ìtúnu tó dé, èmi fúnra mi ni n ó kó wọn dà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti parí, sẹ fíní.”

“Mo gbọ́,” ni obìnrin náà wí. “Wọn ò sì ní jà.”

Gbogbo àdúgbò ló gbà á nímọ̀ràn pé kó yọ oníjàgídíjàgan náà kúrò. Ó yọ ọ́, ó fi í sínú ọpọ́n ìwẹ̀. Kò pẹ́ tí òmíràn fi gba ipò rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwọn tó kù jẹ. Ó dá ti àkọ́kọ́ padà tìbínú-tìbínú, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ìyálé rẹ̀, Ọmọ́yẹmí. Àwọn méjèèjì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bára wọn jà nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo, títí ọkọ wọn fi kọ́ èkejì sẹ́yìnkùlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

“Ìyálé mi, nígbà tí à ń jà yẹn, kí ló ń ṣe yín gan-an?”

Ọmọ́yẹmí dá a lóhùn: “Ibi gbogbo tí mo bá yíjú sí, ìwọ ni mò ń rí.”

Màmá Ṣẹ̀fíátù ò wulẹ̀ jókòó. Ó wá àpótí tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó to àwọn ìkòkò fífọ́ sí ìsàlẹ̀ omi kí ẹja kọ̀ọ̀kan lè ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ má ba à pọ̀ jù. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, òun á dúró ní ìkángun àpótí kan, Ọmọ́yẹmí á dúró ní ìkángun kejì, wọ́n á sì fi ṣíbí onígi gígùn ju ẹran ẹja sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀kan má ba à gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo rẹ̀.

“Èmi ò fẹ́ràn wọn o,” ni Ọmọ́yẹmí máa ń sọ, á sì wá èyí tó kéré jù kó lè jù fún un.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Bàbá Múítì ń wá wo bóyá òun á rí ẹ̀jẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti bá oní-sẹ́míjàn, ọlọ́kadà tó gbé e, jà, ó ti bá ẹni tó ń ta omi jà, ó sì ti pariwo mọ́ ìyàwó rẹ̀ kó tó dé. Ó bá àwọn obìnrin méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń bọ́ ẹja.

“Gbogbo wa wà nínú ààwẹ̀, ẹ̀yin ń bọ́ ẹja?”

“Àwọn ẹja mi kì í gbààwẹ̀,” ni Màmá Ṣẹ̀fíátù dá a lóhùn. “Ìdí tí wọn kò fi jà nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, ọkọ mi? Láti ìdájí, ta lẹ kò tíì bá jà?”

Bàbá Múítì wá ibi kan jókòó sí.

Ìtúnu dé, ìrù gbogbo ẹja náà pé. Bàbá Múítì ní wọ́n ti darúgbó ni. Màmá Ṣẹ̀fíátù kò bá a jiyàn. Fìlà tuntun ló rà fún un fún ọdún náà, ó sì ń dé e káàkiri ìlú títí dòní.

Ní àsìkò òjò tó kọjá ni Màmá Ṣẹ̀fíátù kú. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí ti ń gbóhùn sókè lórí ẹni tí yóò gba yàrá iwájú nígbà tí Bàbá Múítì dìde lọ sí ìdí àpótí ẹja. Kò sí ẹni tó lè dá a dúró mọ́. Ọmọ́yẹmí sáré lọ dúró síwájú rẹ̀.

“Bàbá Múítì, àfi kí ẹ gba orí mi kọjá.”

Ọkùnrin náà ṣí fìlà tí olóògbé rà fún un, ó ká a dáadáa, ó sì fi í sínú àpò agbádá rẹ̀.

“Fún mi ní ṣíbí kan,” ló wí. “Ebi ń pa wọ́n. Kí ìwọ lọ sí ìkángun kejì, kí a jọ ju ẹran sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, bí olóògbé ṣe máa ń ṣe é.”

Nígbà tí wọ́n bọ́ wọn tán, kò sẹ́ni tó tún gbóhùn sókè lórí yàrá mọ́.