Ìyá Funfun àti y tí kì í kúrò nílé

Ìyá Funfun ni gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé aṣọ ibùsùn tó bá ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, funfun láúláú ni í padà. Yàrá ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ooru ibẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ, ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí kò gba àwàdà: aṣọ tó bá ti wọ́ọ̀dù kan wá, wọ́ọ̀dù yẹn náà ni yóò padà sí, kí àìsàn má baà bá aṣọ ṣí kiri. Ìyá Funfun kì í fi òfin yìí ṣeré rárá.

Ohun tó wù ú jù láyé ni kó di nọ́ọ̀sì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti lé lógójì ọdún, òun náà mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti gbà kó wá ṣe ìdánwò àbáwọlé, kíkà àti kíkọ kò sì dẹ́rù bà á. Ìṣirò ni ọ̀tá. Oríṣi kan ló fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ nínú ìṣirò ọ̀hún: èyí tí wọ́n á kọ ìlà méjì sílẹ̀, x àti y á sápamọ́ sínú méjèèjì, wọ́n á ní kó wá wọn jáde.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó wà ní kíláàsì àṣekágbá níléèwé girama, ló di olùkọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un lórí tábìlì oúnjẹ:

x + y = 11
3x + 2y = 26

"Màámi, ẹ mú y jáde nínú ìlà òkè. Kí ni y?"

"Mọ́kànlá, tí a bá yọ x kúrò nínú rẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ó yá, ẹ fi rọ́pò y."

Ìyá mú 11 − x, ó sì fi í sí àyè y nínú ìlà òkè yẹn náà. x bá pòórá. Ohun tó ṣẹ́kù sórí ìwé ni 11 = 11.

"Mọ́kànlá jẹ́ mọ́kànlá," ni ìyá wí. "Ta ló ń bá wọn jiyàn?"

Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mọ́kànlá ń jẹ́ mọ́kànlá, títí ọmọ fi ju bírò sílẹ̀.

"Màámi, ó jọ pé nǹkan yìí ò lè yé yín. Ṣé dandan ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá dọ́kàn, àmọ́ kò bá a wí. Nígbà tó débi iṣẹ́, ó sọ fún ọ̀gá wọn pé kó kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tí yóò ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Sátidé ọ̀hún gan-an ni ìdánwò. Bó ṣe pa á tì nìyẹn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Ní Jímọ̀, ọmọ wá bẹ ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́, nítorí ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kó sinmi. Ó bá a níbi tó ti ń fi ọ̀rọ̀ na òṣìṣẹ́ tuntun kan.

"Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lo ti gbé e, o wá ń jù ú sínú agbọ̀n àwọn abiyamọ! Ibi tó ti wá ni kó padà sí! Ṣé o fẹ́ pa èèyàn ni?"

Ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó lanu sílẹ̀.

"Màámi! Ìdí tí ẹ fi ń dá y padà sí ìlà òkè nìyẹn?"

"Níbo lo tún fẹ́ kí n gbé e lọ? Ṣebí ibẹ̀ ni mo ti mú un."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mi ò ṣàlàyé. Ìlà òkè ti sọ gbogbo ohun tó mọ̀ nípa y fún yín. Tí ẹ bá tún padà lọ bi í, ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ náà ló máa sọ. Ìlà kejì ni kí ẹ gbé e lọ. Kò ní kó àìsàn ràn án."

Ìyá mú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára agbọ̀n, ó lóṣòó, ó kọ ọ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó fẹ́ gbé 11 − x lọ sí ìlà kejì, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bí ẹni tó fẹ́ rú òfin. Ó gbé e lọ. 3x + 22 − 2x = 26. x kò pòórá lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́rin ni. Ó fi mẹ́rin sí àyè x lókè, y náà sì jáde: méje. Ó dán méjèèjì wò nínú ìlà kejì: méjìlá àti mẹ́rìnlá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n géérégé.

Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì purọ́ pé ooru ló fà á. Ó dìde, ó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ yọ orúkọ mi kúrò nínú ti ọ̀la. Mo ní ìdánwò."

Inú bí ọ̀gá. "Ìyá Funfun, ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi? Ta ni kí n wá pè báyìí?"

Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò tíì bá ọ̀gá kankan jiyàn rí.

"Ẹ wá ẹlòmíràn, sà," ó wí. "Èmi ò ní wá."