Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo pín fún ọ̀rẹ́ mi

Ó kù díẹ̀ kí àánú mi pa èèyàn!

Láàárọ̀ yìí, nọ́ọ̀sì tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa l'Ádó, ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ mi àgbà lọ, wò mí lójú.

"Yèyé, ẹ̀jẹ̀ yín tún ti ròkè. Oògùn oṣù kan tí mo fún yín ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ti tán. Orí ń fọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò mi, la bá jọ ń lò ó."

"Yèyé, ṣé obì ni, tí ẹ fi ń pín in?"

Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí. "Bí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò bá ga ńkọ́? Oògùn yìí lè fà á wálẹ̀ jù, kó ṣubú."

Háà! Òòyì kọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀ nídìí kànga lánàá!

Nọ́ọ̀sì fún mi ní báírò àti bébà. Èmi tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dún tó kọjá, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: "Oògùn mi, èmi nìkan." Ọmọ náà pàtẹ́wọ́ fún mi!

Mo gun ọ̀kadà tààrà lọ kà á fún Ìyá Bọ́sẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Mo ṣe bí o fẹ́ràn mi ni!"

A rẹ́rìn-ín títí. Ó wá kó hóró oògùn méjì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́. Lọ́la, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ òótọ́: ta ló ń bá ẹ̀yin náà lo oògùn yín?