Owó Òyìnbó Ọlọ́ṣẹ

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni obìnrin òyìnbó kan wá sí agbolé wa ní Bẹyẹrunkà, láti wá wo irú ilé tí mo ti jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ní Yunifásítì nígbà náà. Mo fẹ́ dúró síbẹ̀ láti ṣe ìwádìí lórí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò, ṣùgbọ́n agbára bàbá mi, télọ̀ tó ń rán agbádá nítòsí Mápó, kò gbé e mọ́. Ọ̀gá mi ní Yunifásítì ló sọ fún mi pé àjọ kan wà lókè òkun tó máa ń ran irú wa lọ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn óò mú lọ́dún náà, wọ́n sì máa ń lọ kí àwọn òbí kí wọ́n tó pinnu.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ìyá àgbà tó bí bàbá mi ní, "Ẹni tó bá ń bọ̀ wá wo ilé ẹni, ìyàwó ló ń wá."

"Ìyá, kì í ṣe ìyàwó ni wọ́n ń wá o. Ọ̀rọ̀ ìwé ni."

"Mo ti gbọ́. Ẹ gbálẹ̀."

Wọ́n gbálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì. Àwọn ìyàwó ilé rẹ́ ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi dá iṣẹ́ oníṣẹ́ dúró, wọ́n rán bùbá tuntun fún mi. Ní tèmi, bí mo bá jẹun, n kì í mọ̀ pé mo jẹun.

Lọ́jọ́ tí obìnrin tí àjọ náà rán dé, mọ́tò rẹ̀ kò lè gba ọ̀nà tóóró tó wọ agbolé wa, a fi í sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, a sì fẹsẹ̀ rìn. A ti gbé àga kalẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé orí ẹní ni àwọn àgbà jókòó sí, òun náà jókòó sórí ẹní. Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀: kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì níbẹ̀. Èmi gan-an ni n óò ṣe ògbufọ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n kíra tán, ìyá àgbà ní, "Bi wọ́n pé kí ni wọn óò gbà lọ́wọ́ wa."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀."

"Ẹnu mi ló ti jáde. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Obìnrin náà kò fajú ro. Ó ní àwọn kò ní gba nǹkan kan.

Ìyá àgbà tún ní, "Bí ọmọ wa bá rí oògùn kòkòrò náà, ta ni yóò ni ín?"

Ó ní a óò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí gbogbo ayé lè kà á.

"Bí kò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́?"

Ó ní n óò kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo wá a, n kò rí i, kí ẹlòmíràn má bàa tún gba ọ̀nà kan náà. N kò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

Ìyá àgbà wò mí bí ẹni pé mo ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀. "Ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyẹn? Wọn óò máa fún ọ lówó, kí o máa wá ohun tí o lè má rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí í ṣe àáfà, dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Bi wọ́n léèrè ẹni tó ni owó náà gan-an."

Obìnrin náà ní olówó náà ti kú tipẹ́. Ọṣẹ ló ń ṣe tó fi di ọlọ́rọ̀. Kó tó kú, ó ya owó kan sọ́tọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ojú owó, èrè orí rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa fi ran àwọn tó ń wá ìmọ̀ lọ́wọ́.

Mo túmọ̀ rẹ̀ tán, àáfà fọwọ́ lu itan. "Wákáfù nìyẹn, sàráà tí kì í tán," ó ní. Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹni tó gbẹ́ kànga fún aráàlú, tó wá kú, bí wọ́n bá ṣe ń pọn ọ́n ni láádá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ kéú tipẹ́. N kò mọ̀ pé ọ̀kan lè ti òkè òkun wá ọmọ Bẹyẹrunkà wá."

Ó ní kí n sọ ọ́ fún àlejò wa. Ayọ̀ kún ọkàn mi débi pé n kò mọ irú òyìnbó tí mo sọ. Obìnrin náà ní kí n tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá láádá náà lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àáfà ní ẹjọ́ Ọlọ́run nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ tòun. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ń fọ ìgò lọ́wọ́ ní Yunifásítì nígbà tí ọ̀gá mi wọlé, ó ní, "Ìwọ ni wọ́n mú." N kò rántí ti omi ẹ̀rọ pa. Mo wọ mọ́tò, mo sọ̀ ní Mápó, mo ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tí mo ń kọjá lára wọn ń béèrè pé kí ló dé, mo sì ń dáhùn pé, "Wọ́n ti mú mi, wọ́n ti mú mi."

N kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù bàbá mi tí ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀ pé ọlọ́pàá mú ọmọ wọn. Mo pàdé bàbá mi lójú ọ̀nà, téèpù wà lọ́rùn wọn, fìlà wọn ṣẹ́ sí ibi tí kò yẹ, wọ́n ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Ta ló mú ọ?" ni wọ́n wí.

"Àwọn òyìnbó ọlọ́ṣẹ ni, Bàbá. Èmi ni wọ́n mú."

Wọ́n dì mọ́ mi lójú títì, ohun tí wọn kò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti dàgbà.

Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ sí Ọjà'ba. Mo sọ fún ẹlẹ́wà kan pé ẹ̀wà tó ti ní kòkòrò ni mo fẹ́ rà. Inú bí i. Ó ní kò sí kòkòrò nínú ẹ̀wà tòun, kí n gba ibòmíràn lọ. Bí mo ṣe ń yípadà ni obìnrin kejì fà mí láṣọ, ó ní, "Ọmọ mi, wá. Mo ní tèmi," ó sì fa àpò kan yọ lábẹ́ àtẹ. Mo ra gbogbo rẹ̀. Mo gbé e karí lọ síbi mọ́tò, kòkòrò ń rìn lọ́rùn mi, mo sì ń kọrin.