Ògiri Tí Wọ́n Fún Ìyá Mi

Nígbà tí orí mi ò tíì ga ju ojú fèrèsé ilé bàbá mi lọ, kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí a kì í rẹ́ ilé náà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ bá ilé búlọ́ọ̀kù láyé lè máa rò pé bí a bá ti kọ́ ilé tán, ó parí nìyẹn. Ilé alámọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé tiwa ní Ìwó, amọ̀ ni láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ páànù, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ọmọdé lè jókòó sójú fèrèsé kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé ló ń dá a dúró. Bí àwọn ọkùnrin bá ń ṣe fáàrí ilé baba wọn níta, ẹ má dá wọn lóhùn.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti kù díẹ̀ kó dé, àwọn ìyàwó ilé á gbé agbọ̀n lọ sí kòtò amọ̀, àwa ọmọbìnrin á tẹ̀ lé wọn. A máa ń lọ kó ìgbẹ́ màlúù lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní lọ́nà Olúpọ̀nnà. Wọ́n á tún rẹ èèpo èso igi irú sínú omi títí omi náà á fi pọ́n. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á fi ọwọ́ rẹ́ ẹ mọ́ ògiri, wọ́n á wá fi òkúta odò dán an. Mi ò ní í purọ́ fún yín, ó máa ń rùn. Ṣùgbọ́n bó bá gbẹ tán, ẹ ò ní í gbóòórùn kankan mọ́, ara ògiri á sì máa tutù ní ọ̀sán gangan.

Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ògiri tirẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń fún ní ògiri ìhà ibi tí òjò ti ń bọ̀, nítorí òjò ni yóò bá wọn yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí amọ̀ bá ṣí níbẹ̀, gbogbo ilé á mọ ọ̀lẹ. Ìyá mi ló dé kẹ́yìn, kò sì sí ìyàwó tí wọ́n gbé wọ ilé náà mọ́ lẹ́yìn wọn fún ọdún púpọ̀. Àwọn orogún wọn máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ méjì ni wọ́n ní, bàbá mi àti òjò. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo lè fi ọwọ́ kan ògiri kí n sọ fún yín pé ó ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bẹ̀rẹ̀ òwò. Sìmẹ́ǹtì ni mo ń tà, ọjà náà sì gbè mí. Gbogbo ẹni tó ń kọ́lé ládùúgbò ló mọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbà tí ìsoyìgì ọmọ mi obìnrin kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn àna máa wá láti Ìbàdàn sí ilé bàbá mi, níbi tí àgbàlá ti gba èrò, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ júwe rẹ̀ rárá. Èmi tí wọ́n ń pè ní Ìyá sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n wá bá mi nínú ilé tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù rẹ́? Mo pe bíríkìlà kan láti Ilé-Ogbó, mo kó sìmẹ́ǹtì jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó rẹ́ ilé náà yí po, kó sì kùn ún lọ́dà.

Ìyá mi ti di arúgbó nígbà náà, àwọn nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn ìyàwó àtijọ́. Wọ́n jáde sí wa, wọ́n ní kí bíríkìlà dúró ná.

"Omi ò ṣeé lé pátápátá nínú ògiri amọ̀," ni wọ́n sọ fún mi. "Ó máa wọlé. Kó ṣáà rọ́nà jáde ni à ń wá. Bó o bá fi nǹkan líle yìí dí i, ibo lo fẹ́ kó gbà?"

Mo ní, "Ìyá, ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe yín lẹ́yẹ."

Ìyá mi ní, "Ó dáa. Ìwọ lo ṣe é fún mi, Ọlọ́run á gbà á lẹ́bùn."

Ọjọ́ ìsoyìgì, ilé náà ń dán. Inú mi dùn dé góńgó.

Lọ́dún kẹta, ìdí ògiri ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ọ̀dà rẹ̀ sì ń wú. Ìyá mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ògiri náà ń lààgùn. Mo pe bíríkìlà padà, ó gbọn èyí tó wú kúrò, ó sì rẹ́ sìmẹ́ǹtì mìíràn tó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lé e. Mo dúró tì í títí ó fi ṣe é tán. Nínú òjò ọdún yẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti dá, ìyá mi jókòó sídìí ògiri yẹn, wọ́n ń ṣe àlùwàlá ìrun Alásárì. Ògiri náà wó lé wọn. Àwọn tó yọ wọ́n sọ pé sìmẹ́ǹtì ìta wá lódindi bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n amọ̀ tó wà nínú ti di ẹrẹ̀.

Ìbàdí wọn ṣẹ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dùbúlẹ̀ nínú ilé búlọ́ọ̀kù mi kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wọn ò fìgbà kan bá mi wí. Mo dúró de ìbáwí náà lójoojúmọ́, n kò rí i. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ni pé kí n bá wọn ṣí sìmẹ́ǹtì ara ilé tó kù, kí amọ̀ lè gbẹ. Mo ní màá ṣe é. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé kádàrá ni, kí n gba kámú. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ n kò lè wọ àgbàlá ilé bàbá mi. Ọ̀la di ọdún, ọdún gorí ọdún.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni a tó ṣe é. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ló ní òun ò fẹ́ kí ilé náà wó tán. Wọ́n gbé àga fún mi sí àgbàlá, wọ́n ń ṣá sìmẹ́ǹtì kúrò. Yàrá méjì péré la rí gbà là. Àwọn tó kù ti jẹrà nínú, a ní láti wó wọn. Kòtò amọ̀ àtijọ́ ti di ilé epo, kẹ̀kẹ́ la fi gbé amọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Èmi nìkan ló kù tó mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó, orúnkún mi ò sì gbé mi mọ́, ẹnu ni mo fi ń ṣe é. Ìyàwó ọmọ àbúrò mi ló ń ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń yí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ọwọ́ rẹ̀ kún fún amọ̀. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Ó ní, "Màmá, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ láyé ìgbà yẹn pé sìmẹ́ǹtì lè ba ilé amọ̀ jẹ́."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó dìde, ó padà sídìí amọ̀. Ẹ̀yin náà á máa gbọ́ lẹ́nu àwa àgbà pé ayé ti yí padà, pé nǹkan kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, à á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé ayé ní ọwọ́ tó fi ń yí ara rẹ̀. Ní ilé tiwa, èmi ni mo yí i, nítorí pé ojú àna ń tì mí.